Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìtẹ̀sí Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Kí Ara Lè Tù Wá Lọ́nà Jíjìn

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn kì í yé béèrè: kí ló dé tí ara wọn ń dá ṣáká fún ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, àmọ́ tí wọ́n bá ti lo wákàtí kan lórí ìjókòó, abẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, ọwọ́ á máa ro wọ́n, tàbí kí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn máa dùn wọ́n? Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á lọ ra ìjókòó mìíràn tó nípọn tó sì rọ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ́kọ́ wo bí ìjókòó tí ẹ ní ṣe tẹ̀ sí, bóyá iwájú rẹ̀ yọrí sókè, bóyá ó dorí kọ ilẹ̀, tàbí bóyá ó tẹ́jú. Ìyàtọ̀ tí kò tó ìbú ìka kan níbẹ̀ lè sọ ìrìn wákàtí mẹ́ta di ìgbádùn tàbí kó sọ ọ́ di ìyà, irinṣẹ́ tí ẹ ó sì fi tún un ṣe kò ju áléǹkí kan (irin onígun mẹ́fà tí a fi ń tú bóòtì) tàbí sípánà kan lọ.

Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ṣóńṣó ni mo ń pe apá iwájú ìjókòó tó tínínrín. Ẹ̀yìn ìjókòó ni apá tó fẹ̀, níbi tí ìdí ń gbé. Irin méjì gbọọrọ ló wà lábẹ́ ìjókòó, ohun tó sì di irin méjèèjì mú sórí òpó ìjókòó ni mo ń pè ní ìdìmú.

## Ohun tí ara yín ń sọ

Egungun ìdí méjèèjì ló yẹ kó máa gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo tí ara gbé lé ìjókòó. Bí ṣóńṣó bá ga jù, ìwúwo yìí á kúrò lórí egungun, á bọ́ sórí ẹran ara ẹlẹgẹ́ tó wà láàárín itan, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí ojú ara ń gbà kọjá. Ìyẹn ló ń mú kí abẹ́ kú. Ẹlòmíràn á sì máa fa ìbàdí rẹ̀ sẹ́yìn láìmọ̀ kí ó lè sá fún ìnira náà, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ kọdọrọ, kò sì ní pẹ́ tí ìrora á fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí ṣóńṣó bá sì wá lọ sílẹ̀ jù, ara á máa yọ̀ lọ síwájú, ọwọ́ ló sì máa dá a dúró, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún wákàtí mẹ́ta kí ó má kọ̀.

Àmì pé ṣóńṣó ga jù:

- Abẹ́ ń kú, tàbí ó ń ṣe yín bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un.
- Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn yín, pàápàá tí ẹ bá ń gun òkè láì dìde lórí ìjókòó.
- Ara yín ń kọ̀ láti tẹ̀ síwájú di ibi tó lọ sílẹ̀ lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú.

Àmì pé ṣóńṣó lọ sílẹ̀ jù:

- Ẹ ń ti ara yín padà sẹ́yìn léraléra, nígbà mìíràn ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣe é.
- Àtẹ́lẹwọ́ ń kú, tàbí ìka tó kéré jù lọ àti èyí tó tẹ̀ lé e ń ta yín.
- Ọrùn ọwọ́ ń ro, èjìká ń le, ọrùn kò fẹ́ yí dáadáa.
- Iwájú itan àti iwájú orúnkún ń rẹ̀ yín ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Abẹ́ tó ń kú lè ti ọ̀nà méjèèjì wá. Bí ṣóńṣó bá lọ sílẹ̀ jù, ara á yọ̀ kúrò ní ẹ̀yìn ìjókòó tó fẹ̀, á wá jókòó sórí ibi tó tínínrín, níbi tí egungun ìdí kò ti rí nǹkan kan gbé lé. Ẹni tí abẹ́ rẹ̀ bá ń kú báyìí á rò pé ṣóńṣó ṣì ga, á tún tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i, á tún yọ̀ síwájú sí i, ìnira náà á sì máa le sí i lójoojúmọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó pinnu ibi tí ẹ máa yí ìjókòó sí, ẹ kíyè sí ibi tí ẹ jókòó sí gan-an lẹ́yìn wákàtí kan. Bí ìdí yín bá ṣì wà lẹ́yìn níbi tó fẹ̀, tí abẹ́ sì ń kú, ṣóńṣó ló ga. Bí ẹ bá bá ara yín ní iwájú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣe ni ó lọ sílẹ̀ jù.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan bóòtì

Ìtẹ̀sí kò lè tún ohun tí gíga ìjókòó bàjẹ́ ṣe. Bí ìjókòó bá ga jù, ìbàdí á máa fì sọ́tùn-ún sósì bí ẹ ṣe ń wa kẹ̀kẹ́, abẹ́ á máa ha ìjókòó, kò sì sí ìtẹ̀sí kankan tó máa tán an. Ẹ yẹ gíga rẹ̀ wò báyìí: ẹ jókòó sórí kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tí ẹ bá wá gbé iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì bí ẹ ṣe máa ń wa kẹ̀kẹ́, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tún gíga ṣe, ẹ gùn ún fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tó padà sórí ìtẹ̀sí.

Ẹ yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò pẹ̀lú:

- Ṣé ṣóńṣó kọjú síwájú tààrà, tó bá irin òkè kẹ̀kẹ́ mu?
- Ṣé irin abẹ́ ìjókòó kò tẹ̀, ṣé kò sì sán?
- Ṣé ara ìjókòó kò tíì dẹ̀ tàbí kó rì sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ìjókòó tó ti rì kò ṣeé wọ̀n.

## Irinṣẹ́

Áléǹkí 4, 5 tàbí 6 mìlímítà ló ń ṣí bóòtì ọ̀pọ̀ ìdìmú òde òní. Àwọn tó jẹ́ ti àtijọ́ ń lo sípánà 13 tàbí 14. Ẹ tún nílò fóònù tó ní áàpù ìwọ̀n títẹ́jú tàbí lẹ́fẹ́lì kékeré irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò, pákó pẹlẹbẹ tàbí ìwé tí èèpo rẹ̀ le, rúlà, pẹ́ńsù, àkísà àti gíríìsì díẹ̀. Bí òpó ìjókòó tàbí irin abẹ́ ìjókòó yín bá jẹ́ káábọ̀n, ìyẹn ohun èlò fífúyẹ́ tí kì í ṣe irin, ẹ wá sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń di bóòtì. Lórí káábọ̀n, ọwọ́ nìkan kò tó láti mọ ibi tí a máa dé.

## Bí a ṣe ń wọn ìtẹ̀sí

Ojú nìkan kò tó. Irin òkè kẹ̀kẹ́ tó dagun máa ń tan ojú jẹ, ó sì lè mú kí ìjókòó tó tẹ́jú dà bí èyí tó yọrí sókè.

1. Ẹ fẹ́ táyà méjèèjì dé ibi tí ẹ máa ń fẹ́ ẹ dé kí ẹ tó jáde. Táyà ẹ̀yìn tó bá rọ̀ á mú kí ìjókòó dà bí èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ ga.
2. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ mú un dúró ṣánṣán. Bí ẹ kò bá dá ilẹ̀ náà lójú, ẹ wọn ìjókòó lẹ́ẹ̀kan, ẹ yí kẹ̀kẹ́ padà kí iwájú rẹ̀ wà níbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ẹ tún un wọ̀n. Ẹ ka iye digíríì tí ṣóńṣó fi lọ sílẹ̀ nígbà méjèèjì, ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí méjì. Bí ṣóńṣó bá ga ní ọ̀kan nínú ìwọ̀n méjèèjì, ẹ yọ ọ́ kúrò dípò kí ẹ fi kún un.
3. Ẹ fi pákó tàbí ìwé náà lé ìjókòó láti ẹ̀yìn dé ṣóńṣó, kí ó gùn tó láti kan ìpẹ̀kun méjèèjì.
4. Ẹ gbé fóònù lé orí pákó, ẹ ka digíríì tó fi hàn. Ẹ yí fóònù padà kí orí rẹ̀ di ìdí, ẹ tún un kà. Ó yẹ kí nọ́ńbà méjèèjì dọ́gba, kí wọ́n kàn kọjú sí òdìkejì ara wọn. Bí wọn kò bá dọ́gba, áàpù náà nílò àtúntò. Ẹ kíyè sí kámẹ́rà tó yọ gọngọ lẹ́yìn fóònù, nítorí ó lè gbé apá kan sókè; ẹ jẹ́ kí ó yọ kọjá etí pákó.
5. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n.

Bí kò bá sí fóònù tàbí lẹ́fẹ́lì, rúlà tó. Ẹ wọn gíga pákó náà láti ilẹ̀ ní iwájú, ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ẹ̀yìn, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Bí ibi méjèèjì tí ẹ ti wọ̀n ọ́n bá fi sẹ̀ǹtímítà 27 jìnnà síra, tó sún mọ́ gígùn ọ̀pọ̀ ìjókòó, ìyàtọ̀ mìlímítà 5 dúró fún nǹkan bíi digíríì 1. Ọ̀nà yìí gba sùúrù, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbára lé dáadáa bí ilẹ̀ bá tẹ́jú.

Ìjókòó tó rí kọ́lọkọ̀lọ, tí àárín rẹ̀ jìn tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga, máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Pákó á kan ẹ̀yìn àti ṣóńṣó, á fo àárín, bẹ́ẹ̀ àárín yẹn àti iwájú rẹ̀ ni abẹ́ ń fara kàn. Ohun tí mo fara mọ́ ni pé kí ẹ fi pákó kékeré wọn ìdajì iwájú nìkan fún irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹ má yí ọ̀nà ìwọ̀n padà láàárín iṣẹ́, nítorí nọ́ńbà ọ̀nà kan kò ṣeé fi wé ti òmíràn.

## Ìgbésẹ̀: yíyí ìjókòó padà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti títẹ́jú, ìyẹn digíríì 0, kódà bí ẹ bá rò pé ẹ ti mọ ibi tí ẹ ń lọ. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa yí i díẹ̀díẹ̀.

1. Ẹ fi pẹ́ńsù tàbí téèpù sàmì sí ibi tí ìdìmú ti di irin abẹ́ ìjókòó mú, ẹ sàmì sí gíga òpó pẹ̀lú. Bí nǹkan bá dojú rú, ẹ ó lè padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.
2. Ẹ nu eruku àti iyanrìn kúrò lára ìdìmú. Iyanrìn tó bá há sáàárín eyín ìdìmú ló sábà máa ń fa ariwo gíí-gíí tí àwọn ènìyàn rò pé ìjókòó ló ti bàjẹ́.
3. Ẹ tú bóòtì gẹ́gẹ́ bí irú ìdìmú tí ẹ ní ṣe béèrè. Àlàyé wọn ń bọ̀ nísàlẹ̀.
4. Ẹ yí ìjókòó padà, ẹ rí i pé kò sún síwájú tàbí sẹ́yìn kúrò níbi àmì yín.
5. Ẹ di bóòtì padà dé iye Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń di bóòtì) tí wọ́n tẹ̀ sára òpó tàbí ìdìmú.
6. Ẹ tún ìtẹ̀sí wọ̀n lẹ́yìn tí ẹ bá ti dì í tán. Dídì fúnra rẹ̀ máa ń sún ìjókòó, nígbà mìíràn ó tó ìdajì digíríì, ìdí sì nìyí tí ìwọ̀n tí ẹ wọ̀n kí bóòtì tó le kò fi ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.
7. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ṣóńṣó mọ́lẹ̀ gidigidi, ẹ ṣe bákan náà fún ẹ̀yìn ìjókòó. Bí ó bá mì tàbí tó dún, kò tíì le tó. Ẹ má gùn ún jáde bẹ́ẹ̀.

Ìdìmú oníbóòtì kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní eyín wẹ́wẹ́ tó ń wọnú ara wọn. Ẹ tú bóòtì títí eyín òkè á fi kúrò nínú eyín ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó yí ìjókòó. Bí ẹ bá fi agbára yí i nígbà tí eyín ṣì wọnú ara wọn, wọ́n á jẹ, ìdìmú náà kò sì ní di ìjókòó mú dáadáa mọ́ láéláé. Ìṣòro irú yìí ni pé ìjókòó kò lè dúró sí àárín eyín méjì, bẹ́ẹ̀ ìfò láti eyín kan sí èkejì lè ju digíríì 1 lọ. Bí eyín kan bá ga jù tí èyí tó tẹ̀ lé e sì lọ sílẹ̀ jù, òpó mìíràn tó ní ìdìmú oníbóòtì méjì ni ojútùú tó máa pẹ́.

Ìdìmú oníbóòtì méjì, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn. Èyí ló rọrùn jù láti fi ṣe àtúnṣe kékeré. Kí ṣóńṣó lè lọ sílẹ̀, ẹ tú bóòtì ẹ̀yìn díẹ̀, kí ẹ wá di ti iwájú. Kí ó lè ga, ẹ tú ti iwájú, kí ẹ wá di ti ẹ̀yìn. Ìdámẹ́rin ìyípo kan tó lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ẹ bá ń parí rẹ̀, ẹ máa di méjèèjì ní ìpín kékeré, kí ẹ kan ọ̀kan, kí ẹ kan èkejì, nítorí bóòtì kan tó bá ń gbé gbogbo ẹrù lè já lójijì lójú ọ̀nà.

Ìdìmú àtijọ́ tó ní nọ́ọ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Ẹ tú nọ́ọ̀tì méjèèjì, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, ẹ yí ìjókòó, ẹ sì dì wọ́n padà ní dọ́gbadọ́gba. Irú èyí máa ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí eyín rẹ̀ bá ti gbó.

Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sára òwú bóòtì kí ó lè wọlé geere. Ẹ má fi gíríìsì síbi tí ìdìmú ti fara kan káábọ̀n.

Ìkìlọ̀ kan nípa gíga. Ibi tí ìdí ń gbé wà lẹ́yìn ìdìmú. Nítorí náà, bí ṣóńṣó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ibi tí ẹ jókòó sí ń ga. Bí ìdí yín bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sẹ́yìn ìdìmú, digíríì 1 á gbé e sókè ní nǹkan bíi mìlímítà 1.7, digíríì 3 á sì gbé e tó mìlímítà 5. Mìlímítà 5 kì í ṣe kékeré fún orúnkún. Bí ẹ bá ti tẹ ṣóńṣó sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ rẹ òpó sílẹ̀ ní iye kan náà.

## Dídán an wò lójú ọ̀nà

Yíyípo ẹ̀ẹ̀kan níwájú ilé kò lè sọ ohunkóhun fún yín. Gbogbo ìtẹ̀sí ló ń dára fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tí a ń wá kì í fara hàn títí ara á fi rẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ẹ fún ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan ó kéré tán, lójú ọ̀nà tí ẹ mọ̀, pẹ̀lú irú ṣòkòtò kan náà tí ẹ máa ń wọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ṣòkòtò tó ní ìrọ̀rí lábẹ́ àti èyí tí kò ní kì í fún ara ní ìròyìn kan náà. Ẹ mú áléǹkí dání, ṣùgbọ́n ẹ má kánjú lò ó.

Bí ẹ ṣe ń lọ, ẹ bi ara yín léèrè:

1. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20: ṣé mo ṣì wà níbi tí mo jókòó sí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àbí mo ti yọ̀?
2. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40: bí mo bá ṣẹ́ ìgúnpá díẹ̀, tí mo sì dẹ ọwọ́ lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láìjù ú sílẹ̀, ṣé ara mi á dúró síbi tó wà, àbí á ṣubú síwájú?
3. Lẹ́yìn wákàtí kan: kí ló kọ́kọ́ ń ro mí, abẹ́ ni, ọwọ́ ni, tàbí ẹ̀yìn?

Ìbéèrè kejì yẹn ni mo gbà pé ó wúlò jù lọ. Bí ara bá dúró láìfi ọwọ́ tì í, ìtẹ̀sí yín kò jìnnà sí ibi tó yẹ.

Bí ìdáhùn bá fi hàn pé ó yẹ kí ẹ yí i, ẹ yí i ní ìdajì digíríì tàbí digíríì 1, kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì gùn ún jáde lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Ìrìn àkọ́kọ́ lẹ́yìn àtúnṣe máa ń ṣàjèjì sí ara, kódà nígbà tí àtúnṣe náà bá dára. Ẹ má sì dán an wò nígbà tí ojú ara bá ṣì bó tàbí tó ń ta yín láti ìrìn tó ṣáájú. Kò sí ìtẹ̀sí tó máa tu ara tó ti bó nínú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń parí rẹ̀ síbì kan láàárín títẹ́jú àti digíríì 3 sísàlẹ̀. Ẹni tó ń jókòó ṣánṣán, tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ga, kì í sábà nílò ju títẹ́jú lọ. Ẹni tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí ìbàdí rẹ̀ sì ń tẹ̀ síwájú, á nílò kí ṣóńṣó lọ sílẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ digíríì 5 tí ìrora kò sì tíì lọ, ẹ dúró. Nǹkan mìíràn ló wà nídìí rẹ̀.

Àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn lè gbọ́ nípa ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ísírẹ́lì, tó jáde ní ọdún 1999, níbi tí wọ́n ti tẹ ṣóńṣó ìjókòó sílẹ̀ ní digíríì 10 sí 15 fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀yìn ń dùn, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì sọ pé ìrora náà dín kù gan-an. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni ìhà tó yẹ ká yí i sí bí ẹ̀yìn bá ń dùn wá. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó fò lọ sí digíríì 10 lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ìwúwo tó bá kúrò lẹ́yìn á lọ bá ọwọ́ àti èjìká. Ẹ máa lọ ní digíríì kan sí èkejì, kí ẹ dúró níbi tí ẹ̀yìn bá ti sinmi tí ọwọ́ kò sì tíì kérora.

## Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Yíyí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tẹ ṣóńṣó sílẹ̀, ẹ tún sún ìjókòó síwájú, ara wá tù yín. Èwo ló ṣe é? Ẹ ò ní mọ̀, tí ìrora mìíràn bá sì jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ máa dá padà.

Lílo ìtẹ̀sí láti wo jíjìnnà ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sàn. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá jìnnà jù tàbí tó lọ sílẹ̀ jù, abẹ́ á máa tẹ ṣóńṣó nítorí pé ẹ̀ ń nà láti dé ibẹ̀. Títẹ ṣóńṣó sílẹ̀ á dín in kù fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ á sì jẹ gbèsè náà. Ẹ gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè tàbí kí ẹ fà á sún mọ́ ara.

Gbígbé ṣóńṣó sókè kí ara má baà yọ̀. Mo mọ̀ pé ó jọ ohun tó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ tí ìjókòó bá ti tẹ́jú, tí ara sì ṣì ń yọ̀, ẹ wo gíga àti fífẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé ṣóńṣó sókè. Ìjókòó tí kò fẹ̀ tó egungun ìdí kò lè dá ara dúró, bó ti wù kó tẹ̀ sí.

Fífi ìbòrí onífóòmù lé ìjókòó lẹ́yìn tí ẹ ti wọ̀n ọ́n tán. Ìbòrí náà ní ìtẹ̀sí tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, òun ni kí ẹ wọ̀n.

## Kẹ̀kẹ́ àti ìjókòó tó gba ọ̀nà mìíràn

Kẹ̀kẹ́ tó ní sípíríǹgì lẹ́yìn máa ń rì lẹ́yìn nígbà tí ẹ bá jókòó, ṣóńṣó á sì ga ju bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ wà lórí rẹ̀, kí ó fi lẹ́fẹ́lì sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó. Bí kò bá sí ẹni náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti digíríì 1 tàbí 2 sísàlẹ̀ dípò títẹ́jú.

Ìjókòó awọ líle, irú èyí tí wọ́n na awọ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, máa ń jìn láàárín bí ara ṣe ń mọ ọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó ń gbé ṣóńṣó rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ìdí lè dúró sẹ́yìn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un wọ̀n lóṣooṣù nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun, nítorí ó ń yí padà lábẹ́ yín.

Àwọn tó ń gbé ìgúnpá lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láti sáré ìdíje nílò kí ṣóńṣó lọ sílẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Bí ẹ bá ń kópa nínú ìdíje tó wà lábẹ́ òfin UCI, àjọ tó ń darí eré ìje kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ìtẹ̀sí kò gbọdọ̀ ju digíríì 9 lọ.

## Bí ìtẹ̀sí kò bá yanjú rẹ̀

Kí abẹ́ kú kì í ṣe apá kan eré ìdárayá tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fara dà. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dìde lórí pẹ́dàlì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn, kí ẹ sì fi dídìde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 10 sí 15 ṣe àṣà. Bí abẹ́ bá ṣì kú fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀, bí ìtọ̀ bá ń nira, tàbí bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ẹ lọ rí dókítà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà mìíràn wà:

- Ìjókòó tó ní ihò tàbí kòtò láàárín, tó ń mú ìwúwo kúrò lórí ẹran ara ẹlẹgẹ́.
- Ìjókòó tó fẹ̀ bó ṣe yẹ fún egungun ìdí yín. Ẹ jókòó sórí páálí rírọ̀ lórí àga líle, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹ wá wọn àlàfo àárín ibi méjì tó jìn jù.
- Ìjókòó tí kò ní ṣóńṣó rárá. Ní ọdún 2009, NIOSH, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìlera àti ààbò òṣìṣẹ́, gba àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́, bí àwọn ọlọ́pàá, nímọ̀ràn láti lò ó kí abẹ́ wọn má baà máa kú. Ó gba ìfaradà díẹ̀ láti mọ bí a ṣe ń darí kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀, nítorí itan kò ní ohun tó máa fara kàn mọ́.

Nígbà tí ẹ bá ti rí ibi tó bá ara yín mu, ẹ kọ digíríì rẹ̀, gíga òpó láti àárín ibi tí pẹ́dàlì ń yí sí dé orí ìjókòó, àti ibi tí ìdìmú di irin mú, sínú ìwé tàbí fóònù. Ẹ tún bóòtì yẹ̀ wò lẹ́yìn ìrìn gígùn àkọ́kọ́, nítorí ìdìmú tuntun àti èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú máa ń dẹ̀ díẹ̀ kí ó tó fìdí múlẹ̀. Bí nọ́ńbà ìtẹ̀sí bá ti yí padà nígbà náà, ẹ dá a padà sí ti àkọsílẹ̀, kí ẹ sì tún di bóòtì dé iye Nm tí wọ́n tẹ̀ sára òpó.